Ìkéde Fún Gbogbo Wa Tí A Wà Lórí Sáfà Kétu

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé Mastodon wa dúró, ìkànnì ayélujára tí a ti ń bára wa sọ̀rọ̀, dákú lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ kò sí olè tó já wọlé. Àwòrán ló kún un fọ́fọ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń tẹ̀lé ẹni tó wà lórí sáfà Mastodon mìíràn, ì báà ṣe ní Jámánì, tiwa á ṣe ẹ̀dà àwòrán onítọ̀hún pamọ́. Òru ni mo fi kó wọn dànù, tí mo ń fi fìlà fẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni ń fẹ́ná. Láti ìsinsìnyí, àwòrán àlejò tó bá ti ju ọjọ́ 7 lọ á máa pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Tiyín ò ní sọnù.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: ẹ yé sọ ọ̀rọ̀ àṣírí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń rán síra yín ní ìkọ̀kọ̀ kò ní àgádágodo, ẹni tó ń tọ́jú sáfà lè kà á. Èmi ò jẹ́ kà á, àmọ́ ẹ má gbára lé ìwà mi. Ọ̀rọ̀ owó àti ti ìdílé, ẹ pe ara yín.

Ẹni tuntun tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ á kọ ìdí rẹ̀, a ó kà á kí a tó ṣílẹ̀kùn. Bí àwọn olórúkọ ayédèrú bá ń ti ọ̀dọ̀ wa da ìpolówó sílé onílé, gbogbo wa làwọn sáfà yòókù máa tìlẹ̀kùn mọ́. Ẹ bá rí èébú, ẹ fi sùn, ẹ má dá a padà.

Owó oṣù yìí, 1000 sẹ́fà, ẹ fún akápò lọ́jọ́ Àìkú.

Olùtọ́jú sáfà