Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé wọ́n dárúkọ mi?

Lọ́ńdọ̀nù, 18 Oṣù Kẹfà, 2025

Bọ̀ọ̀dá mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìnáwó. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo ti fi owó ránṣẹ́ lánàá. 150,000 náírà ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àkáǹtì yín wò. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Ẹ ti ní kí ó wà nílẹ̀ kó tó di àdúà ẹbí ní Sátidé, ọjọ́ kejì Iléyá, torí ìrẹsì àti owó àwọn ààfáà. Àmọ́ owó tí mo gbà nípàrí oṣù karùn-ún, owó ilé ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìyókù bá oògùn ojú Màámi lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀, ọwọ́ yín ni mo fi í lé. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kún iṣẹ́ kí n tó rí ti àdúà ẹbí yìí kó jọ. Nígbà tí ẹbí jókòó, ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo san owó oògùn?

Mi ò bínú o. Ẹ má rò pé mò ń bínú.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà ní Sátidé yẹn tí àbúrò wa pè mí lórí WhatsApp. Wọn kì í jẹ́ ká gbé fóònù dání nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ni mo bá gbé e ti ife kan ní kíṣìnì, mo dín ohùn rẹ̀ kù. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n kó abọ́ kúrò lórí ẹní. Bí ààfáà ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúà, èmi náà tẹ́wọ́, tòun ti ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tí mo fi ń fọ abọ́, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n dárúkọ yín, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọ́n dárúkọ Àǹtí wa tó wà n'Ílọrin, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n ní kí Ọlọ́hun bùkún ọjà wọn. Wọ́n pe ọkọ àbúrò wa, tó jẹ́ pé èṣí ló wọ ẹbí. Mò ń ṣe àmín, mò ń retí tèmi. Ààfáà bá fa Fátíà.

Ṣé torí pé owó mi ò tíì wọlé ni?

Bàbá wa kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n tó ṣàdúà fún un. Ẹ rántí alẹ́ Àlàmísì n'Íwòó, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì: wọ́n á ká wa jọ síwájú awọ àgbò wọn, wọ́n á ka Rabbanā hab lanā, ẹsẹ 74 nínú Súrà Al-Furqān, pé kí Olúwa fi ìyàwó àti ọmọ ṣe ìtutù ojú fún wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa pè wá lórúkọ. Ẹni tí kò sí nílé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè nígbà tí ẹ wà l'Ékòó! Wọ́n ní Ànábì sọ pé tí Mùsùlùmí bá ṣàdúà fún ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, màláíkà á ṣe àmín, á ní kí irú rẹ̀ jẹ́ tìrẹ náà.

Lẹ́yìn Fátíà, fóònù ò tíì kú. Mo gbọ́ ìjà owó ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Mo gbọ́ ẹni tó ní kí "ará Lọ́ńdọ̀nù" yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ ká dìde láìka Subhānaka Allāhumma wa bihamdika, títí dé astaghfiruka wa atūbu ilayk, kí Ọlọ́hun lè fi orí ọ̀rọ̀ játijàti tó bọ́ lẹ́nu wa jìn wá. Ta ló kà á lọ́jọ́ náà kí ẹ tó túká? Mi ò gbọ́ ọ o.

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Móṣáláṣí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Old Kent Road la ti kírun Iléyá. Àbíkẹ́yìn mi ti mọ Rabbanā hab lanā lórí. Lálaalẹ́ Àlàmísì, tí iṣẹ́ ò bá gbé mi, àwa náà máa ń tẹ́ ẹní, ẹ̀yin ni mo sì máa ń kọ́kọ́ pè.

Ẹ jọ̀ọ́, Àlàmísì tó ń bọ̀, ẹ má pe ààfáà, ẹ má dáwó. Ẹ jókòó ti Màámi, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, kí ẹ pe orúkọ mi àti ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Kí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí àwọn ọmọ náà lè gbọ́ ọ.

Àbúrò yín ni.