Ṣé akápò nìkan ni obìnrin lè ṣe ni?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Gàrí ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí n tó wọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwa obìnrin nípa aṣáájú àdúgbò, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí nípàdé àwọn onílé: n ó san owó tí wọ́n bá bù, n ó sì bá tèmi lọ.

Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń darí ìpàdé àti bí a ṣe ń yẹ ìwé owó wò. Ẹni tó ń ṣírò èrè orí kóńgò lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ le nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ ló le. Lọ́jọ́ tí mo dìde béèrè rìsíìtì owó tiransifọ́mà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ìró. Bàbá kan ní, “Ìyá Onígàrí, ṣé ẹ fẹ́ di alága ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣáà mú rìsíìtì wá.

Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà tó ń yọ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn obìnrin ń darí ẹgbẹ́ tiwọn, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Yétúndé Ọ̀nànúgà di igbákejì gómìnà ní 2015, Noimot Salako-Oyèdélé sì gbà á ní 2019. (Igbákejì náà ni ṣáá!) Ní àdúgbò, akápò ni wọ́n sábà máa ń fi wá ṣe.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yìí: kí wọ́n fi sí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjà, kí wọ́n sì pe àwọn bàbá onílé náà wá jókòó tì wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onígàrí,
Ìjẹ̀bú-Òde