Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ lónìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ bá jà lé e lórí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìdíje wa bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwa mẹ́rin á fi ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti àjẹ̀ la igbó, òkè àti odò kọjá fún ọjọ́ mélòó kan, máàpù lọ́wọ́. Láti àárọ̀ la ti tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ ní pálọ̀ mi, tí à ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń kà á: kọ́ńpáàsì méjì, iná orí mẹ́rin pẹ̀lú bátìrì tí a ó fi pààrọ̀, fèrè mẹ́rin, bùláńkẹ́ẹ̀tì onífàdákà mẹ́rin, okùn tí a fi ń fa ẹni tó bá ti rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá yẹ ẹrù wò tí fèrè ẹyọ kan dín, ẹgbẹ́ ò ní gbéra. Ìgbà tí a dórí aṣọ ni ọmọkùnrin tó kéré jù nínú wa sọ pé péà ìbọ̀sẹ̀ méjì péré lòun ní, ẹ̀kẹta ti lu, ó ní ṣé mo ní òmíràn. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Kò sí."

Ó wà, Bọ̀ọ̀dá. Ó wà nísàlẹ̀ báàgì mi, nínú náílọ̀nù tí ẹ̀yin fúnra yín ta ní kókó méjì. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí.

Kọ́ńpáàsì yín wà lára méjì tí a kà. Omi inú rẹ̀ ti ní ìfóòfó kékeré kan báyìí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí geere. Mo dì í mú títí, mo ń gbọ́ ohùn yín: "Àtàǹpàkò kì í kúrò lórí máàpù." Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé sẹ̀ǹtímítà méjì lórí máàpù 1:50,000 jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀, àti pé igbó tó dí kò mọ ìyẹn sí nǹkan kan, kìlómítà kan lè jẹ èèyàn ní wákàtí méjì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àríwá tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí kì í ṣe àríwá orí máàpù gan-an, pé ẹni tí kò bá ṣírò ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á ṣìnà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ bó ṣe ń ṣìnà lọ. "Abẹ́rẹ́ kì í purọ́," ẹ máa ń wí, "àmọ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀." Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Kí n má ṣe bí aláìmoore. Mo jókòó sílé tí mò ń sanra nígbà tí ẹ wá pè mí. Mo bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn Gérard Fusil fún mi, oníròyìn ọmọ Faransé tó kó àwọn ẹgbẹ́ lọ sínú igbó àti òkè New Zealand ní 1989, láìsí ẹ́ńjìnnì, pé láti ìgbà náà ni obìnrin ti gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́. Mo rò pé ẹ ń yìn mí ni. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé obìnrin tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ló yẹ̀, pé ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Òfin ló pè mí. Mo ti dárí ìyẹn jì yín. Ó ku díẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ la fi múra. Ẹ máa ń jí mi ní aago méjì òru, kì í ṣe ká lè sáré, ká lè jókòó ka máàpù nígbà tí oorun ń kùn mí, ẹ ní ẹni tó bá ń ka máàpù lójú mọ́mọ́ kò tíì ka nǹkan kan. Ẹ ní ká gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká gun òkè. Ẹ dojú kayak, ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré yẹn, dé mọ́ mi lórí lójú omi, ẹ ń ka ẹní, èjì, ẹ̀ta títí mo fi jáde. Àmọ́ ẹsẹ̀ lẹ fi ọjọ́ tó pọ̀ jù kọ́ mi. Pé kì í ṣe àìlágbára ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sílé lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ni. Pé kí ìléròrò tó yọ, ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ìgbà yẹn gan-an ni kí èèyàn dúró kó tú bàtà, kódà bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń fajú ro. Pé ẹsẹ̀ tó bá pẹ́ nínú omi á wú, á funfun bí bébà tó já sómi, á hunjọ, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kí wá ni oògùn rẹ̀? Ẹ máa ń na ìka sí mi bíi tíṣà, èmi náà á sì kà á: ìpara, afẹ́fẹ́, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ.

Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, Bọ̀ọ̀dá. Láti ẹnu ara yín.

Òru ọjọ́ kẹta ìdíje yẹn ńkọ́. Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀, ẹ kúkú wà níbẹ̀. Odò mẹ́fà la ti fẹsẹ̀ là lọ́jọ́ náà, òjò ò sì dá. Gbogbo oorun tí a tíì sùn láti ìgbà tí a gbéra kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ọ̀kan nínú wa ti ń kí àwọn igi, ó ní àwọn àgbààgbà ló jókòó yẹn, kò dáa kéèyàn kọjá lára wọn láìkí wọn. Èmi rí Màmá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń gbá ojú ọ̀nà, wọn ò gbójú sókè wò mí. Ibi tí wọ́n bá gbá ni mò ń tẹ̀. Ìgbà tí mo ṣubú ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mi ò ti mọ ẹsẹ̀ mi lára mi mọ́.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo tú bàtà. Ẹ yí iná orí yín sí i. Ẹ rí i, èmi náà sì ń wo ojú yín bí ẹ ṣe ń rí i. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ wà?" Ẹ ní, "Kò sí." Ẹ wá bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀ ọ́ padà fún mi bí ẹni wọ aṣọ fún ọmọ ọwọ́. Ẹ so okùn mọ́ báàgì mi, ẹ sì fà mí. Wákàtí márùn-ún lẹ fi fà mí nínú ẹrẹ̀ yẹn. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ẹni tó lè fi wákàtí márùn-ún fa àbúrò rẹ̀, òun náà ni ò lè tú náílọ̀nù?

Nígbà tí a dé ibi tó yẹ ká ti gun kẹ̀kẹ́, dókítà wo ẹsẹ̀ mi, ó mirí. Bí ẹnì kan bá ti bọ́, ẹgbẹ́ ò ní ipò mọ́. Ẹ̀yin mẹ́ta yòókù lè máa bá a lọ láìní ipò, ẹ ò lọ. Ẹ jókòó tì mí sínú àgọ́, ẹ ń mu tíì. Ẹ ò bá mi wí rí, láé. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá bi yín léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ àbúrò mi ni." Kì í ṣe irọ́. Abẹ́rẹ́ kì í purọ́.

Ọjọ́ kẹrin tí a délé, mò ń bá yín tú ẹrù tí a fẹ́ fọ̀. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Péà kan, aláwọ̀ eérú, onírun àgùntàn. Mo rí i láti ìta náílọ̀nù pé ó gbẹ, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Mo tì í sábẹ́ aṣọ mi, mo gbé e lọ sílé. Ẹ ò bèèrè rẹ̀ rí. Bóyá ẹ rò pé ó sọnù, bóyá ẹ mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì la jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, mi ò bi yín.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ ní ẹ gbàgbé rẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ń ka fèrè mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta kì í gbàgbé. Mo tún ní bóyá ẹ ń tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè là, torí ọjọ́ méjì ṣì wà níwájú, tèmi sì ti kọjá ohun tí ìbọ̀sẹ̀ lè ṣe. Àwọn olórí ẹgbẹ́ máa ń ṣe irú ìṣirò yẹn, ojú mi ti là sí i báyìí. Tàbí kẹ̀, ti ara yín lẹ fi pamọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń gbà gbọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ẹ rántí ìtàn ajá yẹn? Ẹ ò lè sọ ọ́ tán kí ojú yín má kún. Ecuador, 2014, Mikael Lindnord ọmọ Sweden fún ajá ìgboro kan ní ẹran lílọ̀, egbò sì wà lẹ́yìn ajá ọ̀hún. Bó ṣe tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, nínú ẹrẹ̀, nínú igbó. Nígbà tó kan kayak, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ létí omi, ajá bẹ́ sómi, ó ń wẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn títí ọkùnrin náà fi fà á wọnú ọkọ̀. Ó mú un relé, ó sọ ọ́ ní Arthur. "Nítorí ẹran!" ẹ máa ń wí, ẹ á fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mi ò lè gbọ́ ìtàn náà mọ́. Ajá ìgboro rí ẹran gbà. Èmi ọmọ ìyá yín ńkọ́?

Mo fẹ́ bi yín níkẹyìn, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Ẹ wà lórí ibùsùn, àwa méjì nìkan la wà ní yàrá, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ẹ wá ní òtútù ń mú yín lẹ́sẹ̀, kí n bá yín wá ìbọ̀sẹ̀. Mo wá a. Mo wọ tọ̀tún, mo wọ tòsì. Ẹsẹ̀ tó fà mí lójọ́sí ti rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ ń yí kiri lára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bèèrè lẹ́yìn ìyẹn? Ọjọ́ kẹta lẹ kú. Ẹ̀yin ni ẹ̀bá sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì.

Èmi ni mo ń mú máàpù báyìí. Ẹgbẹ́ tuntun ni, èmi nìkan ló kù nínú tàtijọ́. Méjì nínú wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti Sátidé tí a ti ṣìnà, tí ọ̀kan ń sọ pé èkejì ló ní ká yà sápá òsì. Kì í ṣe òun. Èmi ni mo fi òkè kan pe òkè mìíràn, ó jẹ wá ní wákàtí mẹ́ta gbáko. Mo dákẹ́, wọ́n ń bára wọn jà. Òfin ìdíje wa ní a ò gbọ́dọ̀ fi ju mítà 100 jìnnà síra, àwọn wọ̀nyí ò sì lè jókòó sórí àga kan náà ní pálọ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi ní ọjọ́ méje, ìdíje nìkan lè gba mẹ́fà. Bàbá àwọn ọmọ ò ní kí n má lọ. Wọ́n kàn ń fi ariwo fọ abọ́ lálaalẹ́ ni.

Orúnkún mi ọ̀tún sì rèé. Ó ti tó oṣù méjì. Gígun òkè ò ṣe é ní nǹkan kan, ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ta mí bí ẹni fi irin gbígbóná kàn án. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń lo oògùn ìrora, màá ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ike. Mi ò sọ fún ẹgbẹ́. Bí mo bá sọ, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí obìnrin tó mọ máàpù kà láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ìmúra gbogbo wa á wọmi. Ẹ má sọ pé ó jọra. Kò jọra rárá. Tèmi, èmi nìkan ni yóò dùn. Ó kéré tán, títí di ọjọ́ kẹta.

Ọmọ yẹn ò bínú. Ó ní kò burú, òun á máa fi èyí tó bá tutù sí àyà òun bí òun bá fẹ́ sùn, ooru ara á gbẹ ẹ́ kó tó di àárọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Wọ́n ti lọ sílé. Ẹrù ṣì wà nílẹ̀ káàkiri. Mo ti yọ náílọ̀nù náà síta láti ìrọ̀lẹ́, mo fẹ́ tú u, ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà bẹ́ẹ̀, kókó yín le, èékánná mi ò ràn án. Ọ̀bẹ wà lára ẹrù tí a kà, ó wà níwájú mi níbí. Aago mẹ́rin ìdájí ọ̀la la máa gun òkè, a ó sì sọ̀ ọ́, àwọn mẹ́ta á máa wo bí mo ṣe ń rìn.

Ta lẹ tọ́jú rẹ̀ dè, Bọ̀ọ̀dá?

Àbúrò yín