Sí Ìyá Ìbejì, ní Leeds

Ìbàdàn,
Oṣù Kejìlá, 2024.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru, o kú àárò ilé. Mo fi ìwé yìí sínú ẹrù torí pé lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mi ò ní tíì sọ ọ́ délẹ̀ tí o ó ti máa bi mí léèrè àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ nísàlẹ̀, má fò débẹ̀.

Mo ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Mọ́kọ́lá. O kò tíì lọ ju oṣù méjì lọ tí onílé fi pè wá jọ pé owó ilé ti di ìlọ́po méjì, ká sì san ti ọdún méjì papọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ títí, mo rí i pé onílé ni n ó máa ránṣọ fún. Ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ wálé. A sún àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹlifíṣọ̀n wọ yàrá. Ojú tì mí lọ́jọ́ tí oníbàárà kan kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn tó wọlé bá àbíkẹ́yìn mi tó ń jẹ ẹ̀bà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Epo bẹntiróòlù tó jẹ́ pé kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023, ó ti lé ní 1,000 báyìí. Ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí kó lè lọ aṣọ? Màṣíìnì Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, tí ìwọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni mo tún nù, mo rọ òróró sí i, mo ra bẹ́líìtì tuntun fún un. Áyọ́ọ̀nù eléèédú náà ti padà dé. Orúnkún mi mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ iṣẹ́ kì í dúró de iná mọ́.

Ohun tó yí ilé wa padà jù ni ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú, a ní kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ wa títí di òní. Ojú yẹn là dáadáa, ó là jù fún elòmíràn nínú wa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jókòó, gbogbo oníbàárà ló sì ń tọwọ́ wọn kọjá. O rántí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gbé aṣọ lọ tí wọ́n á ní 'màá fi ránṣẹ́ tí mo bá délé'? Màmá á ní, 'Ọmọ mi, jókòó kí o jẹun, kí owó náà bá ọ níbí.' Wọn ò ní bínú, wọn ò ní pariwo, wọ́n á ṣáà gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú ẹni náà títí àlẹ́ẹ̀tì á fi wọlé. Kò sí ẹni tó jẹ mí lówó lọ́dún yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Kọ́sẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọn ò tíì gbà. Wọ́n bi ìyàwó kan léèrè pé ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi dì í báyẹn.

Nígbà tí ìjọba dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà lóṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ń ṣì í kọ nílé ìwé. Màmá tó kọ́ ọ ní kékeré kí wọ́n tó pa á tì ní 1978 ló di tísà wọn. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, èmi náà ti mọ̀ ọ́n tipátipá.

Ti Olúbàdàn wá jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. O ṣì wà nílé nígbà tí Ọba Lékan Balógun wàjà lóṣù Kẹta. Ọjọ́ 12 oṣù Keje ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn gbadé ní Mápó, agboolé Màmá sì ní àwọn gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kan náà. Aṣọ bo ilé mọ́lẹ̀. Baálé mi, tí kò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbé rí, ń so bọ́tìnì, àkọ́bí ń gé òwú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni baálé mi wá dúró lórí mi tí mò ń gé aṣọ, wọ́n ní kí n dá sísọ́ọ̀sì dúró. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n, o mọ̀. Wọ́n tún gbogbo ẹ̀ tò sórí tábìlì, aṣọ ọmọdé kan sì jáde nínú ohun tí mo fẹ́ sọ di àjákù. Mi ò yìn wọ́n lójú, kí wọ́n má baà di ọ̀gá mi.

Owó oṣù tiwọn náà ti fẹ́ sún díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, Ọ̀yọ́ ní tàwọn yóò jẹ́ 80,000. Àpò ìrẹsì ńlá kan lè gba gbogbo ẹ̀ lọ́jà Bódìjà.

Ṣùgbọ́n ilé kò jẹ́ ilé mọ́, ìyẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ìgbà tí mo lè sọ pé mo ti ṣíwọ́. Tí mo bá ń ro ọbẹ̀, aṣọ ń wò mí. A ti jà nítorí epo pupa tó kán sórí lésì ẹlẹ́ni. Bí ẹnì kan bá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la, màá gbà á, àmọ́ màá mú Màmá dání lọ.

Ó yá, àwọn ìbejì. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta yẹn, pé ẹni tó bá iṣẹ́ ìtọ́jú wá sí Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání, inú ṣì ń bí mi sí i. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ìbejì ń wà ní Sátidé. Ìwọ̀n tí o kọ mọ́ lésì tí o ní kí n fi ránṣọ fún wọn, ti ìgbà tí o ń lọ ni, mi ò lò ó. Èmi fúnra mi wọ̀n wọ́n. Táíwò ti ga ju Kẹ́hìndé lọ báyìí. Kẹ́hìndé kò gbà, ó ní téèpù mi ni kò dáa, ó sì ń na ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ká aṣọ wọn sínú dáadáa nísàlẹ̀, ká lè máa tú u bí wọ́n ṣe ń ga. Bàbá wọn ń gbìyànjú gan-an, àfi ti irun Kẹ́hìndé. Ọmọ náà ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ya òun nírun mọ́, èmi ni mò ń mú un lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Fọ́tò wọn wà nínú àpò bùbá funfun. Tìrẹ ni bùbá yẹn. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ torí súwẹ́tà.

Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó Òyìnbó, àwọn ọmọ tí àwọn yẹn bí ńkọ́? Mi ò dá wọn lóhùn. Ìwọ ni kí o dá wọn lóhùn, kí o sì fi abẹ́rẹ́ màṣíìnì nọ́ńbà 14 ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì, èyí tí mò ń rà ní Gbági ń kán jù.

Èmi ni,
Aránṣọ rẹ.