Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí “kò” 16

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Manchester o. Àwa wà ní Ìbàdàn níbí. Iná ń ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ọkọ mi ti jinná, ẹ̀gbọ́n mi sì tún ti gbé ìyàwó. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni mo fẹ́ sọ.

Olóòtú ti dá ìtàn mi padà. Ó fi bírò pupa yí gbogbo “kò” tí ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ká, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 16, ó sì kọ ọ́ sétí ìwé pé: “Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, má sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.” (Òun náà lo “má” àti “kò” nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?)

Ìtàn obìnrin tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò ni. Mo kọ ọ́ báyìí: “Kò ká aṣọ tí ó sá. Kò tan fìtílà. Kò dá ẹlẹ́kọ tí ó kí i lóhùn.” Bí mo bá ṣe bí olóòtú ti wí, “Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú” ni yóò kù, òǹkàwé yóò sì rò pé atẹ́gùn ni ó ń gbà. William Labov, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà tí ó gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní Harlem, ti ṣàlàyé èyí ní ọdún 1972: asọ̀tàn a máa mẹ́nu kan ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí olùgbọ́ lè fi wọn èyí tí ó ṣẹlẹ̀ wò.

Tún wo èdè tiwa. Nínú “ó sùn”, a rí ènìyàn; gbàrà tí “kò” bá wọlé, “ó” yóò pòórá, “kò sùn” nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí obìnrin náà máa pòórá díẹ̀díẹ̀ lójú òǹkàwé.

“Tíì” ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè ọmọ náà, “Kò tíì dé” ni ìyá rẹ̀ ń fi dáhùn, nígbà tí àwọn aládùúgbò ń sọ “kò dé” lẹ́yìn rẹ̀. Lójú ìwé tí ó kẹ́yìn, ẹlẹ́kọ kan náà bèèrè, ìyá sì ní, “Kò dé.” Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo yọ “tíì” yẹn. Olóòtú rò pé àṣìtẹ̀ ni.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Mo kọ ọ́ níbì kan pé “kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kò ní í ṣàìbínú”. Mo ti yọ ìyẹn fúnra mi, nítorí n kò mọ̀ mọ́ bóyá ó bínú.

Ìyá Ìbejì, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká láti òkè wá. O ti mọ ẹni tí mo wò kọ obìnrin náà. Jọ̀wọ́, ka ojú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Bí o bá ní kí n má gbé e jáde, n kò ní í gbé e jáde, n kò sì ní í bínú. Mo lọ kí Màmá wa lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnì kan ń kọjá, ó bèèrè rẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Kò tíì dé.”

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà aṣọ ilé-ìwé.