Ẹ wo táyà kí ẹ tó wo àwọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún àwọn tó ń retí ọmọ, nípa ẹrù tó yẹ kí wọ́n rà sílẹ̀. Ẹ dárúkọ kẹ̀kẹ́ ọmọ, èyí tí à ń gbé ọmọ sí tì kiri, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ irú èyí tó yẹ kéèyàn rà. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mọ́kọ́lá, n’Íbàdàn níbí. Lóde òní, kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju básíkù lọ.

Táyà ló ń dá wọn padà sọ́dọ̀ mi jù. Àwọn òbí a lọ ra èyí tó dùn ún wò, tí táyà iwájú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ilé ìtajà tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán ni wọ́n ṣe irú ìyẹn fún. Tó bá dé àdúgbò tí òkúta àti yanrìn pọ̀ sí, á há. Ìyá ọmọ á máa wọ́ ọ, á máa gbé e fò, títí irin tó di táyà mú á fi tẹ̀. Ẹ ra èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, kó jẹ́ rọ́bà tó ki. Oní-túùbù dùn ún tì lóòótọ́, àmọ́ kí ẹ tó rí túùbù tó bá a mu rà, ọmọ á ti máa sáré.

Bí ẹ bá ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fọwọ́ kan gbé e sókè nínú ọjà kí ẹ tó sanwó, torí ọmọ ló máa wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ ká a, kí ẹ wò ó bóyá á wọ bùùtù ọkọ̀ Micra.

Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, èyí tó ń tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí ẹ gbé e sí. Bí owó ò bá tó o, ẹ máa pọ̀n ọ́n lọ ná. Ìyàwó mi ní ẹ̀yìn òun ò ní bírékì, síbẹ̀ kò já ọmọ kankan sílẹ̀ rí.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ tó lágbára sàn ju tuntun onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Èyí tó ń ká bí agbòjò, tí Owen Maclaren, ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1965, ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tó ti ń jókòó, torí ó fúyẹ́. Àmọ́ ẹ wo oríkèé rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Maclaren tó wà ní Amẹ́ríkà kéde àtúnṣe fún nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ náà, nítorí pé oríkèé náà ti gé ṣóńṣó ìka àwọn ọmọ kan nígbà tí àwọn àgbà ń tú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ká. Ohun tí a fi ń bo oríkèé náà ni wọ́n pín fún àwọn tó rà á. Bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ tí kò ní ìbòrí oríkèé yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì rà, kí ọmọ jìnnà sí i nígbà tí ẹ bá ń tú u.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya àwòrán bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ ọmọ sínú ìwé ìròyìn yín: méjì léjìká, méjì níbàdí, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń rí ni wọ́n ti gé ti àárín ẹsẹ̀ yẹn dànù kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, ibẹ̀ gan-an lọmọ sì ń gbà yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníkẹ̀kẹ́,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.