Ìṣubú kékeré lórí irin rélùwéè ló gba ọwọ́ mi fún oṣù mẹ́ta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdúró ti ará ìlú. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo níbí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é, máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ni mo sì fi ń gbé aṣọ fún àwọn kọ́sítọ́mà mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín ni pé látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, èèyàn mẹ́rin ni mo ti fojú ara mi rí tó gun máṣíìnì ṣubú níbi tí èmi náà ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn ló sì dìde tí wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára tí wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan, àwọn ò ṣèṣe. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ibi tí mò ń wí yìí, ibi tí rélùwéè ti dá títì kọjá láàárín ìlú ni. Ọmọ Òròkí mọ̀ pé àwa àti rélùwéè ti jọ wà tipẹ́, ọdún 1907 ni irin ti dé Òṣogbo, òun ló sì kó èrò àti ọjà wọ ìlú wa. Ní báyìí ọkọ̀ ẹ̀ kì í kọjá lójoojúmọ́ mọ́, ìgbà ọdún ló kù tá a máa ń retí ẹ̀ láti Èkó, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn máa wo irin yẹn bíi pé ara títì ni. Wọ́n ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọdé ń rìn lórí ẹ̀. Irin yẹn ò sì dá títì kọjá gbọọrọ o, ó gba ẹ̀gbẹ́ ni, bí ìgbà tá a bá gé aṣọ ní báyáàsì. Ẹni tó bá ń bọ̀ lórí títì tí ò yà síbì kan, táyà ẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin dọ́gba nígbà tó bá débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, lóṣù kẹrin. Òjò àkọ́rọ̀ ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì, irú èyí téèyàn kì í torí ẹ̀ dúró, mo so báàgì mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó Sátidé ló wà níbẹ̀. Mi ò sáré, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí èyí yé èèyàn, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá mi dọ́gba. Táyà iwájú gun irin àkọ́kọ́, mo ṣáà rí i pé kò gùn ún kọjá, ó bá irin lọ ni, ọwọ́ máṣíìnì yí bìrí mọ́ mi lọ́wọ́, n tó pe Ọlọ́run mo ti wà nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi tilẹ̀. Ìyá alákàrà tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, “ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́, orí yín ò ní ta kò yín,” ọlọ́kadà kan ti fẹ́ fa pẹtiróòlù jáde láti dà á sí orúnkún mi, ìyá yẹn ló ní kó má dán an wò, ó já píọ̀ wọ́tà méjì, ó fi ṣan ojú ọgbẹ́ náà. Mo ṣì ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lórí mi, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ ha, ká ní kò sí níbẹ̀ ni, orí mi ni ì bá ha.

Bàbá kan tó ti ń gun ọ̀kadà látìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló wá là mí lóye. Ó ní, “Télọ̀, ẹ kọ́kọ́ tún máṣíìnì kọjú sí irin kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ má jẹ́ kó bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.” Ojú ọ̀dà rí ságaṣàga, táyà á rí nǹkan dì mú, àmọ́ irin tí táyà ti ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí ń dán bọ̀rọ́, tómi bá ti kàn án ó di ọṣẹ. Wìnnìwìnnì yẹn gan-an tún burú ju òjò ńlá lọ, torí ọ́ìlì tó ń kán lára ọkọ̀ àti eruku á ti pò pọ̀, òjò ò sì tíì pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Ibi téèyàn ò tíì dé irin ni kó ti dín eré kù, tó bá ti wà lórí irin kó má fọwọ́ kan bíréèkì, kó má fi kún iná, kó má sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kàn jẹ́ kí máṣíìnì kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àlàfo kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú irin kọ̀ọ̀kan, kò ṣeé dí pa torí etí ẹsẹ̀ rélùwéè ibẹ̀ ló ń gbà, táyà máṣíìnì tín-ínrín, tó bá bọ́ síbẹ̀ ó tán. Táyà tèmi tún ti pá lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀, mo ń sọ pé tí mo bá gbowó aṣọ yẹn ni màá pààrọ̀ ẹ̀.

Ti máṣíìnì ò gba àkókò, mẹkáníìkì tún fọ́ọ̀kì àti ọwọ́ bíréèkì ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi ni mi ò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan tó wà nítòsí ni mo lọ. Nọ́ọ̀sì fi omi àti ọṣẹ fọ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ń fi gọ́ọ̀sì ha yanrìn kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó dùn mí wọra, àmọ́ ó ní tí awọ bá fi lè padé lé yanrìn lórí, ó lè kẹ̀, dúdú ẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí láé. Wọ́n bi mí ìgbà tí mo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, mi ò rántí, wọ́n gún mi. Wọ́n ya ọwọ́ mi ní X-ray, wọ́n ní eegun kankan ò kán, ó kàn rọ́ ni, wọ́n fi báńdéèjì wé e, wọ́n fún mi lóògùn ìrora. Inú mi dùn gan-an. Ọjọ́ kẹta mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo tẹ́ lééṣì kọ́sítọ́mà sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, mo ki ọwọ́ bọ sísọ́ọ̀sì. Sísọ́ọ̀sì aránṣọ wúwo, àtàǹpàkò ló ń gbé e. Mi ò tíì gé e tó íǹṣì mẹ́ta tí ìrora kan fi gba ìdí àtàǹpàkò lọ dé ìgbọ̀nwọ́, sísọ́ọ̀sì já bọ́ lé lééṣì lórí. Ọmọ iṣẹ́ mi dìde, ó ní “Ọ̀gá, kí ló dé?” mo ní kò sí nǹkan. Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan náà ni. Mo wá ń fi róòbù ra á lálaalẹ́, màmá mi ní ká lọ sọ́dọ̀ teguntegun, a sì lọ. Mi ò ní bú teguntegun láyé, àwọn ló tún ẹsẹ̀ bàbá mi ṣe tó fi rìn títí tó fi kú, àmọ́ ẹni tá a bá lọ́jọ́ yẹn fẹ́ fa ọwọ́ mi lójú ẹsẹ̀ láì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tún lọ ṣàyẹ̀wò. Tó bá fà á ni, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà lónìí.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà kejì. Kò tiẹ̀ tíì wo ìwé tí mo mú dání tó fi ní kí n na àtàǹpàkò sókè. Ẹ dán an wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí: tẹ́ ẹ bá na àtàǹpàkò dáadáa, iṣan á yọ sókè lápá ọ̀tún àti òsì nídìí ẹ̀, kòtò kékeré kan á wà láàárín. Ó fi ìka kan tẹ inú kòtò yẹn, mo fò dìde lórí àga. Wọ́n tún X-ray yà, ìlà tín-ínrín bí irun wà lára eegun kékeré kan tó rí bíi kóró kajú, scaphoid lorúkọ ẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ tilẹ̀ nígbà tó ṣubú, eegun yẹn wà lára èyí tó sábà máa ń sán, pé X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má rí i, àfi tó bá tó bí ọjọ́ 10 sí 14 kí wọ́n tún un yà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ò tó nǹkan, ìpẹ̀kun kan ló sì ti ń wọlé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè jinná, téèyàn bá sì fi sílẹ̀ ó lè má so pọ̀ mọ́, ọwọ́ á máa ro èèyàn títí ọjọ́ ogbó. Aránṣọ ni mò ń jẹ́, ẹ wo ohun tí ìyẹn ì bá sọ mí dà.

Mi ò bínú sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ torí X-ray yẹn. Àmọ́ wọn ì bá sọ fún mi pé tó bá ṣì ń dùn mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà wá. Kò ju gbólóhùn kan lọ.

Ọ̀sẹ̀ 8 ni mo fi gbé POP, ìyẹn báńdéèjì líle tí wọ́n fi ń de eegun tó sán. Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì, òsì ni mo fi ń jẹun. Àwọn kọ́sítọ́mà kan wá kó aṣọ wọn, mi ò dá wọn lẹ́bi, ọdún Iléyá ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn míì ní àwọn á dúró. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá ń gé aṣọ, èmi á dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, màá máa sọ ibi tí yóò gbà, ọmọbìnrin yẹn dá agbádá odindi gé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ọrùn ẹ̀ sì jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n tú POP, ọwọ́ ti rù, awọ ń bó, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àkísà ni mo fi ń ṣe eré ìdárayá, màá ki ọwọ́ bọ omi, màá máa fún àkísà láàárọ̀ lálẹ́, ó ń roni, ó sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rù wá kù. Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Tójú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí àyà mi á máa já, mo ń gba ọ̀nà tó jìn kí n má bàa rí irin yẹn, owó pẹtiróòlù ń lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà gba ibẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ni, mo ti máṣíìnì kọjá bíi kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń gùn ún kọjá tílẹ̀ bá gbẹ. Ó tó oṣù kan kí n tó gùn ún kọjá nínú òjò.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tọ́rọ̀ kàn ò le rárá. Ọ̀dà tó wà láàárín irin yẹn ti rì, irin ti yọ sókè bí eegun ẹ̀yìn màálù tó rù, ẹ bá wa gbé ilẹ̀ ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú orí irin, ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ kọnkéré, kẹ́ ẹ fẹ títì níbẹ̀ díẹ̀ kí ọlọ́kadà lè ráyè yà kó kọjú sí irin, kẹ́ ẹ sì rí bọ́ọ̀dù kan síwájú ẹ̀ tó ní àwòrán máṣíìnì tó ń yọ̀, torí kì í ṣe gbogbo wa ló lè kàwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tún ṣubú níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo pè é wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fún un lómi, ó ń sọ pé “ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.” Mo ní kó na àtàǹpàkò, mo fi ìka tẹ inú kòtò yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó pariwo. Mo gbé e lọ ya X-ray lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan. Mo ti gba nọ́ńbà màmá ẹ̀, mo sì ti ka ọjọ́ 14 sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, èmi àti ẹ̀ la jọ ń padà lọ.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Òṣogbo.